Ilé rẹ́ǹtì àkọ́kọ́ mi l'Óṣogbo: ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́?

Aláǹkárá Ọjà Ọba

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Aṣọ ni mo ń tà l'Ọ́jà Ọba, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Èmi àti ọkọ mi ti tọ́jú mílíọ̀nù 16 náírà. Apá kan wá láti inú àjẹṣẹ́kù, apá kan láti inú ilẹ̀ tí a tà ní Ìlobù. Owó tó bá jókòó sí báńkì ń rù lójú wa ni. Iye tí mo fi kó bẹ́ẹ̀lì aṣọ mẹ́rin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kò kó méjì mọ́ lónìí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká ra ilé.

Wọ́n mú wa lọ wo ọ̀kan ní Òkè-Baálẹ̀, kò jìnnà sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Self-contain mẹ́fà ló wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦220,000 wọlé lọ́dún, mílíọ̀nù 16 gééré ló sì ń pè é. Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ ₦1,320,000 lọ́dún. Ó wọ̀ mí lójú gan-an.

Ẹ bá mi wò ó. Ṣé ìṣirò yẹn pé? Mi ò sì lè máa fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ máa bá ayálégbé fà á lórí owó iná. Àbúrò ọkọ mi ní òun á máa bá wa mójú tó o, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Ejẹ́ǹtì tó mú wa lọ náà ní òun á ṣe é. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Gbogbo owó tí a ní nìyẹn.

Bàbá Òkínní

Ìyá, ẹ kú akitiyan. Ọdún 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gba owó ilé, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ Òṣogbo tí wọn ò rí yàrá gbé. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí ọdún kan tí gbogbo owó tí a pè lórí ilé wọlé pérépéré.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Ẹ gbà pé yàrá kan á ṣófo fún oṣù mẹ́fà, torí akẹ́kọ̀ọ́ kan á parí, òmíràn á ní òun ò kó wọlé àfi bí sẹ́mẹ́sítà bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ ₦110,000, ó ku ₦1,210,000. Alámòójútó á mú 10 nínú 100 lára ohun tó bá gbà wọlé, ìyẹn ₦121,000. Ó ku ₦1,089,000. Ẹ wá ya ₦200,000 sọ́tọ̀ fún páànù tó ń jò, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ọ̀dà, kọ́kọ́rọ́ àti kíkó ilé ìgbẹ́. Ohun tó máa dé ọwọ́ yín ni ₦889,000. Pẹ̀lú ìyẹn, mílíọ̀nù 16 yín á lo ọdún 18 kó tó padà, bí owó ilé bá dúró sójú kan. Kò ní dúró sójú kan lóòótọ́, àmọ́ síménìtì náà ò ní dúró.

N kò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ilé ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni "gbogbo owó tí a ní." Lẹ́yìn owó tẹ́ ẹ fi ra ilé, owó lọ́yà wà, owó sọ́fè wà, owó ìjọba lórí ìwé wà, àtúnṣe oṣù àkọ́kọ́ náà wà, èyí tí kì í yẹ̀. Bí ẹ bá san 16 tán, ibo lẹ ti fẹ́ rí ìyẹn? Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ lọ yá a ní báńkì. Ní oṣù kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé 27.5 nínú 100, báńkì tó ń yá wa lówó sì ń gbé tirẹ̀ lé e. Ilé tí èrè rẹ̀ ò tó 6 nínú 100 lọ́dún ò lè san irú èlé bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo irú èèyàn tó wà níbẹ̀. Lọ́dún 2020 tí Kòrónà ti ilé ìwé pa, yàrá mi tí mo yá fún akẹ́kọ̀ọ́ ṣófo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èyí tí nọ́ọ̀sì àti tíṣà ń gbé, wọ́n san tiwọn. Ilé ìwòsàn yunifásítì wà níhìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wá yàrá. Ẹ pò ó pọ̀.

Ọmọ Òṣogbo ní Leeds

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ dárí jì mí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí níta, àmọ́ gbólóhùn "kò ní gba kọ́bọ̀" yẹn ló mú mi kọ èyí.

Mo kọ́ ilé onífúláàtì mẹ́ta sí Ọ̀fàtẹ̀dó. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń bá mi mójú tó o lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọdún méjì gbáko ló ń sọ fún mi lórí fóònù pé fúláàtì ẹ̀yìn ṣófo, pé àwọn èèyàn ń wá wò ó ni, wọn ò ní owó. Mo gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ pé kó fi kun ọ̀dà kó lè wu èèyàn.

Mo délé ní oṣù kejìlá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọlé gba ẹ̀gbẹ́, mo sì rí okùn aṣọ lẹ́yìn fúláàtì tó "ṣófo" náà. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé ló wà lórí rẹ̀, aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun kékeré méjì tí wọ́n fi kílíìpù há. Ọmọ náà jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyá rẹ̀ gbé àga fún mi. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó wọlé lọ mú rìsíìtì méjì wá nínú nálọ́ọ̀nù, ọdún kìíní àti ọdún kejì, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́. Obìnrin náà ò jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ ti fi owó ara rẹ̀ tún páìpù ibi ìdáná ṣe.

A ṣe ìpàdé ẹbí. Owó náà ò padà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń kí ara wa níbi ìnáwó, ibẹ̀ náà ló mọ. N kò sọ pé àbúrò ọkọ yín á ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo ń sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí ẹ kò san owó fún, ẹ ò lè bi í ní ìbéèrè. Bí mo bá ní kí ó fi àkáǹtì hàn mí, ojú àfojúdi ló fi ń wò ó.

Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò bá mi gba owó mọ́. Àkáǹtì kan wà fún ilé náà, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, inú rẹ̀ ni gbogbo ayálégbé ń san án sí tààrà. Ẹni tó ń bá mi mójú tó o kò ní àṣẹ láti mú kọ́bọ̀ jáde. Bí àlááàtì bá ti wọlé, mo mọ ẹni tó san àti ẹni tó kù.

Amójútó Ilé, Ògo-Olúwa

Iṣẹ́ mi gan-an lẹ ń sọ yìí. Estate surveyor ni mí, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìmójútó ilé àti ilẹ̀, torí náà ẹ má kàn gba gbogbo ohun tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín.

Èèyàn máa ń pe ejẹ́ǹtì àti alámòójútó ní nǹkan kan náà. Iṣẹ́ wọn ò jọra. Ejẹ́ǹtì ń wá ayálégbé. Nígbà tí ẹni tuntun bá wọlé ló ń jẹ: owó ejẹ́ǹtì, owó ìwé àdéhùn, tí ó sábà máa ń jẹ́ 10 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, ayálégbé ló sì ń san án. Ẹ wá rò ó. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá kó wọlé ló ń rí owó, kí ni yóò jẹ́ kó ṣe wàhálà kí ẹni tó wà nínú ilé má bàa kó jáde? Bí páìpù bẹ́, kò kàn án. Bí ayálégbé rere bá bínú lọ, oúnjẹ tuntun dé nìyẹn. Alámòójútó tí ẹ ń fún ní ìdá kan nínú owó tó bá wọlé lọ́dọọdún ni yàrá òfo ń dùn bó ṣe ń dun ẹ̀yin náà. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ mú ejẹ́ǹtì yẹn, ẹ má fi bó ṣe ń gba owó báyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin tó dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ wa sílẹ̀ ti wà láti 1975. Ẹni tó bá ní estate surveyor ni òun, ẹ bi í ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ wò ó lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà. Kò yẹ kó bínú sí i.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iye tí yóò máa gbà, lára ohun tó bá wọlé, kì í ṣe lára ohun tó yẹ kó wọlé. Iye tó lè ná lórí àtúnṣe láìpè yín. Fún ilé bí irú èyí, mo máa ń sọ pé ₦20,000, ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó dáhùn. Ìgbà tí yóò máa ṣe ìròyìn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta dára. Kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe pínyà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, torí mo ti rí onílé tó ń bẹ alámòójútó kó dá ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé padà fún un.

Bàbá Òkínní

Ọ̀rọ̀ ejẹ́ǹtì yẹn, òdodo ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, ọmọ mi. ₦121,000 lọ́dún, ṣé ẹ̀yin alákọ̀wé máa ń fi tọkàntọkàn ṣe ilé tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Mo gbé ọ̀kan fún iléeṣẹ́ kan rí. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀.

Amójútó Ilé, Ògo-Olúwa

Bàbá, mi ò lè jiyàn, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tí mo bá ní mẹ́ta mẹ́rin lójú ọ̀nà kan náà ni mo máa ń lè fún láàyè, torí bí mo bá jáde lẹ́ẹ̀kan, mo yẹ gbogbo wọn wò. Ìyá lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ mú: ilé mélòó lẹ ń mójú tó ní Òkè-Baálẹ̀? Kí ẹ sì lọ bá ayálégbé méjì nínú àwọn ilé náà sọ̀rọ̀, láìsí òun níbẹ̀.

Tíṣà Kélébe

Ẹ jẹ́ kí ayálégbé náà sọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ilé kan, n kò jẹ owó ilé rí. Nígbà tí sílìn yàrá mi ń já, mo pe alámòójútó fún oṣù mẹ́rin. Ó máa ní òun ti sọ fún bàbá onílé. Ọjọ́ kan ni mo pàdé bàbá náà níbi ìsìnkú, mo sì sọ fún wọn. Ẹnu yà wọ́n. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan rí. Lọ́jọ́ kejì ni kápẹ́ńtà dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí àwọn ayálégbé ní nọ́ńbà yín. Kì í ṣe kí wọ́n máa pè yín lójoojúmọ́. Ká sáà mọ̀ pé bí ẹni tó wà láàárín bá di odi, ọ̀nà wà. Ẹ sì fún olúkúlùkù ní mítà tirẹ̀. Ìjà tó pọ̀ jù tí mo rí láàárín ayálégbé, orí owó iná tí wọ́n ń pín ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà Alékúwodò

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ alámòójútó, ẹ bi ẹni tó ń ta ilé: ta ló ni ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbààgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí àwọn àgbààgbà, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fi yí i dà. Bí ilé náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín lọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé ìjọba, kí ẹ má gba fọ́tòkọ́pì gbọ́.

Ohun tí àwọn tó ń ra ilé tí ayálégbé ti wà nínú rẹ̀ máa ń gbàgbé: owó tí wọ́n ti san fún onílé àná, wọ́n ti san án nìyẹn. Bí yàrá mẹ́rin bá ti san títí di oṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀, ẹ ò lè gba òmíràn lọ́wọ́ wọn. Torí náà, kí ẹ ní kó kó gbogbo rìsíìtì wá, kí ẹ sì yọ owó oṣù tó kù lára iye tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, kí òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ayálégbé kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀yin ló ni ilé báyìí.

Bó bá di pé ẹnìkan ní láti jáde, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé pé kó jáde, tó fún un ní oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù sí oṣù kan, àfi bí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé ọjọ́ méje pé ẹ fẹ́ lọ sí kóòtù, lẹ́yìn náà kóòtù. Lọ́yà tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà fún yín gbọ́dọ̀ ní àṣẹ yín ní kíkọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí páànù tàbí yọ ilẹ̀kùn. Onílé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n máa wá pè lẹ́jọ́.

Pọ́ḿbà Òkè-Fìà

Èmi ò mọ̀wé púpọ̀ àmọ́ mo mọ ilé. Ẹ lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ bẹ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kẹ́ ẹ da omi sí ilé ìgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ìkánjú kọ́, sọ́kàwéè (kòtò tí omi ilé ìgbẹ́ ń lọ) èèyàn mẹ́rin ni wọ́n máa ń gbẹ́ fún èèyàn méjìlá. Bí omi bá ń ké kùrùkùrù níbì kan, kòtò ti kún tàbí ó kéré. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri náà, bí ọ̀dà bá ń bó sókè ní ìwọ̀n orúnkún, omi ń bẹ nínú ìpìlẹ̀.

Aláǹkárá Ọjà Ọba

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Mo lọ. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, pẹ̀lú pọ́ḿbà kan. A da omi síbẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí omi dúdú fi ń hó jáde lójú ihò balùwẹ̀ yàrá kẹrin. Ọmọ tó ń gbé ibẹ̀ ní ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò àkọ́kọ́, pé búlọ́ọ̀kù ni òun fi ń bò ó mọ́lẹ̀ bí òun bá fẹ́ lọ sí kíláàsì.

Lọ́yà wa náà rí i pé ìbuwọ́lùwé àgbà ẹbí kan ò sí lórí ìwé ilẹ̀. A ní a ò san kọ́bọ̀ àfi tí wọ́n bá lọ gbà á wá. Ó gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ mi ló ṣòro jù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sùn. Bàbá Òkínní, kí ni kí n sọ fún un?

Bàbá Òkínní

Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, ọkọ yín ni. Kó pè é jókòó, kó sọ fún un pé lọ́yà ní kí owó ilé máa gba báńkì, pé ojú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lò. Kó máa yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wo bí ilé ṣe rí. Kí ẹ sì máa fún un ní nǹkan fún ìrìnnà rẹ̀, kó má jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ò gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ìyẹn ló máa dáàbò bo òun náà.

Aláǹkárá Ọjà Ọba (oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n wá ròyìn.

A rà á ní mílíọ̀nù 13.4, torí sọ́kàwéè àti oṣù tí àwọn ayálégbé ti san sílẹ̀ fún onílé àná. Kòtò tuntun gba ₦640,000. A ṣì ní nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́, a ò sì yá owó kankan.

Estate surveyor kan tó ní ilé márùn-ún mìíràn ní àdúgbò yẹn la gbé e fún. Mo bá ayálégbé rẹ̀ méjì sọ̀rọ̀ kí n tó gbà. Ìròyìn àkọ́kọ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá: ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹni tó san, ọjọ́ tó san, ₦14,500 fún ẹ̀rọ tó ń fa omi, pẹ̀lú fọ́tò rìsíìtì. Nọ́ọ̀sì kan ti gba yàrá tó ṣófo. Àbúrò ọkọ mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun ló rí i pé géètì ẹ̀yìn ò tì dáadáa mọ́, ó sì pè wá.

Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Ọmọ yàrá kẹrin, tó ń fi búlọ́ọ̀kù bo balùwẹ̀ rẹ̀ yẹn, owó rẹ̀ pé lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní bàbá òun ṣàìsàn, pé òun lè san ìdajì báyìí, ìdajì tó kù lẹ́yìn oṣù méjì. Alámòójútó ní èmi ni kí n sọ.

Bàbá Òkínní

Ẹni tó fara da omi dúdú láti ìgbà òjò tí kò sá lọ, ẹ fún un ní oṣù méjì náà. Kí alámòójútó kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun náà fọwọ́ sí i, kí ìdajì àkọ́kọ́ sì wọ àkáǹtì kí oṣù tó parí.

Aláǹkárá Ọjà Ọba

Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti pè é.